Jiseul: ìyá tó dúró sílé, àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi han ará ìlú

Ẹni tó bá ń wá fíìmù ogun tí ìbọn ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ọkùnrin kan ṣoṣo á sì gba gbogbo abúlé sílẹ̀, kó má wulẹ̀ ná dátà rẹ̀ sórí Jiseul. Ọdún 2012 ni O Muel, ọmọ erékùṣù Jeju ní Kòríà, ṣe é. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú 108 ló gùn, kò sì kánjú rárá. Ní oṣù kìíní 2013, ó gba ẹ̀bùn ńlá àwọn adájọ́ fún fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ní àjọ̀dún fíìmù Sundance, ní Amẹ́ríkà. Ó tọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àléébù tá a máa dé ìdí rẹ̀. Fún àwa ará Ọ̀kun, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ohun tó yà á sọ́tọ̀ nínú àwọn fíìmù Kòríà tí àwọn ọmọ wa ń wò lórí fóònù lójoojúmọ́ ni pé àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sọ èdè abúlé wọn, wọ́n sá wọ inú òkè, àti pé òkú bíbọ ni O Muel fi gbé gbogbo ìtàn náà kalẹ̀.

Ẹ nílò ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, torí fíìmù náà kò ṣàlàyé ju ìlà mélòó kan lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Jeju wà ní gúúsù Kòríà, òkè Hallasan tó ga tó mítà 1,950 sì wà láàrin rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1947, ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn èrò tó péjọ níbẹ̀, èèyàn 6 kú. Inú ará ìlú kò rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin 1948, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú alátakò tí kò fẹ́ ìdìbò tó máa pín Kòríà sí méjì gbé ìbọn, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá 12. Ìdáhùn ìjọba kò mọ sórí àwọn tó gbé ìbọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá, ọ̀gá ọmọ ogun tó wà ní erékùṣù náà kéde pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá níbi tó ju kìlómítà 5 lọ sí etí òkun, ọlọ̀tẹ̀ ni, ìbọn ni kí wọ́n yìn fún un. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àgbẹ̀ tí ilé, oko àti ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ òkè: wọ́n dá a lẹ́jọ́ ikú lórí ibi tí wọ́n bí i sí. Lẹ́yìn oṣù kan, òfin ológun tẹ̀ lé e. Ọdún 1954 ni gbogbo rẹ̀ tó parí, nígbà tí wọ́n tún ṣí ọ̀nà òkè Hallasan. Àwọn tó kú, 25,000 sí 30,000 ni wọ́n fojú bù ú, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá gbogbo ará erékùṣù náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ náà síta, ẹ̀wọ̀n ló ń fà lẹ́sẹ̀. Ọdún 2003 ni Ààrẹ Roh Moo-hyun tó tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a wá èyí tó jọ ọ́ nílẹ̀ wa, ogun Tápà ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ abúlé Ọ̀kun sá gùn nígbà yẹn, kó tó di pé àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gba Kàbà kọjá lọ bá Bídà jà ní oṣù kìíní 1897. Ìfiwéra yìí dára láti fi la ọ̀rọ̀ yé àgbà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó ṣì wọ́n lọ́nà. Àlejò tó wá kó ẹrú ni Tápà. Ní Jeju, ìjọba tiwọn, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà tí àṣẹ yẹn jáde, ló ń pa wọ́n.

Ìtàn inú fíìmù bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1948. Àwọn ará abúlé gbọ́ nípa àṣẹ náà, kò yé wọn dáadáa. Ta ló ń wọn kìlómítà 5? Wọ́n kọ́kọ́ há ara wọn sínú kòtò kan tó kéré jù fún wọn, ibẹ̀ pani lẹ́rìn-ín gan-an, lẹ́yìn náà wọ́n kó wọ inú ihò àpáta. Wọ́n rò pé ọjọ́ díẹ̀ ni. Nínú ihò náà, Bàbá Won-sik ń ṣàníyàn nípa ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tí kò tíì jẹun, Sang-pyo ń fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó lè sáré ju òun lọ, àwọn mìíràn ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ihò gidi wà tí ìtàn yìí ti wá: Keunneolgwe ni wọ́n ń pè é, ní abúlé Donggwang. Nǹkan bí èèyàn 120 ló fara pa mọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ bí àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí sójà tó rí wọn. Wọ́n sá jáde gba ọ̀nà òkè lọ nínú yìnyín, wọ́n mú púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n nítòsí ìṣàn omi Jeongbang.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a tú ìtàn fún òun kó fo ìpínrọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé èyí.

Mu-dong wà lára àwọn tó sá wọ ihò, àmọ́ ìyá rẹ̀ kò bá wọn lọ. Ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun á dúró ti ilé. Fíìmù náà kò fún un lórúkọ mìíràn, ìyá ọmọ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pe ìyá ẹni. Ìṣẹ́jú tó lò lójú wa kò pọ̀. Sójà bá a nílé, wọ́n pa á, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Nígbà tí Mu-dong yọ́ padà wá wò ó, òkú ìyá rẹ̀ àti eérú ló bá. Ànàmọ́ òyìnbó tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ti jinná nínú iná tó jó ilé. Ó kó o, ó gbé e lọ fún àwọn tí ebi ń pa nínú ihò, kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ bí ó ṣe rí i. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń yìn ín pé ó dùn. Ànàmọ́ yẹn náà ni jiseul tó wà nínú àkọlé, bí ará Jeju ṣe ń pè é.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí, tí ibẹ̀ yẹn sì fi ń dà bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lásán lójú wọn, ni bí wọ́n ṣe pín fíìmù náà sí ọ̀nà mẹ́rin. Orúkọ ètò òkú bíbọ ni wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni sinwi, níbi tí a ti ń pe ẹ̀mí òkú wá jókòó. Ìkejì, sinmyo, ibi tí ẹ̀mí náà ń gbé. Ìkẹta, eumbok, jíjẹ ohun tí a fi bọ ọ́. Ìkẹrin, soji, sísun ìwé tí a fi pè é, kó lè padà lọ. Abala kẹta ni ànàmọ́ ìyá Mu-dong bọ́ sí. Ní ilẹ̀ Ọ̀kun, bí a bá fi oúnjẹ bọ òkú ọ̀run tán, ará ilé ló ń pín in jẹ, kò sí ẹni tó máa ń dà á nù. Èyí ló mú kí ibi ànàmọ́ yẹn wúwo tó bẹ́ẹ̀: àwọn tó wà nínú ihò ń jẹ oúnjẹ òkú, wọn ò mọ̀ pé òkú ti wà. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀, òun náà sì ń bá wọn jẹ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni O Muel ti fi ọwọ́ tọ́ka sí èyí. Àwòrán àkọ́kọ́ ni ilé tí èéfín kún, tí àwọn àwo ìrúbọ fọ́n ká sílẹ̀, sójà sì wà níbẹ̀. Ìrúbọ tí wọ́n dà rú ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá ń tún un ṣe ní abala mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní òpin, ìwé ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ti kú. Kò bí ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n tàbí sójà, ó jó ìwé fún gbogbo wọn. Àwọn kan máa bínú sí èyí. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìgboyà rẹ̀ wà, torí ó rọrùn láti bọ òkú tiwa.

Bó ṣe ya àwòrán náà dára púpọ̀. Nínú ihò, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ló wà, ojú èèyàn ló ń yọ jáde nínú òkùnkùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kámẹ́rà kì í sì í sá kiri. Níta, yìnyín funfun bo gbogbo ilẹ̀ débi pé sójà tó dúró lókèèrè ń di ìlà dúdú kan ṣoṣo. Ibi tí àwọn ará abúlé ti dáná sun ata gbígbẹ kí èéfín rẹ̀ lé sójà sẹ́yìn lẹ́nu ihò ni ibi tó yára jù, ó sì ṣe é ní àṣeyọrí láìní ohun ìjà ńlá kankan.

Àléébù rẹ̀ wá ńkọ́? Èkíní, èèyàn pọ̀ jù, aṣọ wọn jọra, kò sí àwọ̀ tí a lè fi dá wọn mọ̀. Láàrin ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ òǹwòran kò ní mọ ta ni ta. Ìkejì, àwọn sójà: ẹni tó burú nínú wọn burú jù, débi pé ó ń dà bí ẹbọra inú àlọ́, nígbà tí èyí tí kò fẹ́ yìnbọn, tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò sínú yìnyín láti fìyà jẹ ẹ́, sì jẹ́ aláìṣẹ̀ pátápátá. Láàrin àwọn méjèèjì yìí ni òótọ́ máa ń wà, kò sì wọ ibẹ̀ tó. Ìkẹta ló dùn mí jù. Sun-deok, ọ̀dọ́mọbìnrin tí sójà mú, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ la mọ̀ dáadáa ju ohun tó ń rò lọ. Fíìmù tó mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ìyá arúgbó yẹ kó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́mọbìnrin náà. Ẹ̀kẹrin: ipa tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó ní Jeju láti 1945 kò ju òjìji lọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn á ní láti kà á níbòmíì.

Ní ti èdè. Jeju ní èdè tirẹ̀, UNESCO sì ti kà á mọ́ àwọn èdè tó wà ní bèbè ikú láti ọdún 2010. Nígbà tí wọ́n fi Jiseul hàn ní sinimá ní Kòríà, wọ́n ní láti kọ èdè Kòríà ti Seoul sí abẹ́ àwòrán kó lè yé àwọn ará Kòríà fúnra wọn. Ẹni tó ti sọ èdè Owé tàbí Yàgbà fún ará Ọ̀yọ́ rí, tí ará Ọ̀yọ́ náà ń béèrè pé “kí lẹ wí?”, mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwọn sójà inú fíìmù ń sọ èdè àwọn ará Kòríà tó wà ní òdìkejì òkun, àwọn ará abúlé ń sọ tiwọn, ìyàtọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì sí ìtàn náà. Gẹ̀ẹ́sì abẹ́ àwòrán pa á rẹ́ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí wíwò ó pẹ̀lú ògbufọ̀ fi dára ju kíkà á lọ, pàápàá níwájú àwọn ìyá tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹ bá fẹ́ fi han àwọn èèyàn ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ìjọ, ètò ògbufọ̀ tó gbéṣẹ́ jù rèé: ẹni méjì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹni àkọ́kọ́ máa sọ ọ̀rọ̀ àwọn ará abúlé ní èdè ìlú yín, Owé ní Kàbà, Yàgbà ní Ìsánlú tàbí Mọ̀pà. Ẹnì kejì máa sọ ti sójà ní Yorùbá ti ìwé. Láìsí àlàyé kankan, àwọn òǹwòran á gbọ́ ta ló jẹ́ àlejò. Kí àwọn méjèèjì ti wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lórí ìwé. Ẹni tó bá ń túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ á ṣubú nínú ihò, torí èèyàn mẹ́rin máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti túmọ̀ gbogbo àwàdà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ Bàbá Won-sik àti ẹsẹ̀ Sang-pyo, ẹ jẹ́ kí ìyókù jẹ́ ariwo. Ní abala kẹta, láti ìgbà tí Mu-dong bá ti dé ihò pẹ̀lú ànàmọ́, kí ògbufọ̀ dákẹ́. Kí àkọlé abala kọ̀ọ̀kan tó jáde lójú ògiri, kí ẹnì kan sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kan péré. Bí ẹ bá sọ orúkọ èèyàn márùn-ún fún wọn ṣáájú (Mu-dong, ìyá rẹ̀, Bàbá Won-sik, Sang-pyo, Sun-deok), àléébù àkọ́kọ́ tá a kà lókè yìí dínkù sí ìdajì.

Ní ti fáìlì, ẹ má gbára lé nẹ́tíwọ̀kì lójú iṣẹ́. Ẹ ti wà á sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbà yín láyè láti rà á tàbí yá a. Èyí tó jẹ́ 720p (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó) máa ń tó 1GB sí 1.5GB. Ti 480p kò ju nǹkan bí 600MB lọ, àmọ́ lórí ògiri ńlá, ojú àwọn èèyàn inú ihò á di àbàwọ́n eérú. Fíìmù aláwọ̀ lè fara da 480p, èyí kò lè fara dà á. Bí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán bá wà ní fáìlì tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti fíìmù mu, kí méjèèjì sì wà nínú fódà kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ VLC, ètò tá a fi ń wo fíìmù lórí láptọ́ọ̀pù, kò ní gbé e sókè fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń ṣáájú ẹnu, ẹ tẹ H lórí kíbọ́ọ̀dù. Bó bá ń pẹ́, ẹ tẹ G. Títẹ̀ kan jẹ́ mìlísẹ́kọ́ńdù 50. Bó bá wá jẹ́ pé ó bára mu ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ń jìnnà síra wọn bí fíìmù ṣe ń lọ, títẹ̀ kò ràn án. Fáìlì tí wọ́n ṣe fún àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ mú fún fíìmù tó ń sá 24, á sì fi ju ìṣẹ́jú 4 ṣáájú kí fíìmù tó parí. Ẹ wá òmíràn.

Pùrójẹ́tọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá kéré ju lumens 3,000 lọ (lumens ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) kò dára fún èyí, torí òkùnkùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi àwòrán náà mọ sí mítà 2.5 tàbí 3 ní fífẹ̀ fún nǹkan bí èèyàn 60. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ jù, ìmọ́lẹ̀ á tú ká, dúdú á di eérú. Ògiri tí a kùn ní funfun dára ju aṣọ ìtẹ́sùn lọ, torí ìmọ́lẹ̀ ń gba ara aṣọ kọjá. Ọ̀pọ̀ pùrójẹ́tọ̀ olówó pọ́ọ́kú ń fi àwọ̀ búlúù kun fíìmù dúdú-funfun. Ẹ lọ sí ibi ìtò àwọ̀, ẹ yan èyí tó gbóná. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ kí aago méje àbọ̀ alẹ́ tó lù, kí gbogbo ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run lè ti wọlẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ lè gbé e: pùrójẹ́tọ̀ nǹkan bí wáàtì 300, láptọ́ọ̀pù 65, spíkà méjì 100. Kí fíríìjì ẹnikẹ́ni má sí lórí rẹ̀ ní alẹ́ yẹn. Ẹ gbé e sẹ́yìn ògiri, ó kéré tán mítà 20 sí gbọ̀ngàn, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani, àti nítorí pé ìdajì fíìmù yìí jẹ́ afẹ́fẹ́ àti ìdákẹ́jẹ́. Wáyà tó nípọn ni kẹ́ ẹ fi fà á. Tín-ín-rín máa gbóná. Ẹ kún táńkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí epo bá tán lójijì, fáànù pùrójẹ́tọ̀ á dúró nígbà tí gílóòbù rẹ̀ ṣì ń gbóná janjan, gílóòbù náà sì lè bàjẹ́ síbẹ̀.

Àsìkò ọdún náà ní ti ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, òjò lórí páánù á bo gbogbo ohùn mọ́lẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, bí ẹ bá fi hàn níta gbangba, eruku inú afẹ́fẹ́ ló máa gba ìmọ́lẹ̀ kó tó dé ògiri, ó sì ń dí asẹ́ ẹnu afẹ́fẹ́ pùrójẹ́tọ̀ tí á fi gbóná pa ara rẹ̀. Ẹ fọn ọ́n mọ́ ṣáájú. Oṣù kọkànlá, lẹ́yìn òjò tí ọyẹ́ kò sì tíì le, ló dára jù ní apá ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn. Kí àwọn tó ń wakọ̀ gbé àwọn àgbà padà sílé mọ̀ pé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀, wákàtí méjì àbọ̀ ni kí wọ́n fojú sọ́nà fún. Tí ẹ bá sì rí i pé àkọlé tí wọ́n ń lò ní Kòríà ní nọ́ńbà 2 lára, ẹ má wá apá kìíní kiri kẹ́ ẹ tó wò ó. Kim Kyung-ryul, ọmọ Jeju tó ti ṣe fíìmù tirẹ̀ lórí ìtàn kan náà kó tó kú, ni O Muel fi nọ́ńbà náà bu ọlá fún. Ìtàn méjèèjì dá dúró.